Ìwé Ìdúpẹ́ Ẹ̀yìn Páálí

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aránṣọ kan ń di ọjà tó fẹ́ fi ránṣẹ́. Fìlà rírọ̀ ló máa ń rán fún àwọn tí oògùn jẹjẹrẹ ti jẹ́ kí irun re lórí wọn, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló sì ti ń tà á. Kò sí ọjà tó máa kúrò nílé rẹ̀ láìsí ìwé ìdúpẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà mìíràn fẹ́ràn ìwé yẹn ju fìlà lọ.

Ó ti fi téèpù lẹ páálí tíṣà kan pa tán kó tó rí i pé ìwé tó kọ fún tíṣà náà ṣì wà lórí tábìlì. Ẹni tó máa gbé ẹrù ti ń fọn fèrè níta.

“Tú u, kí o fi ìwé yẹn sínú,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

“Dádì, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ìwé ìdúpẹ́ ni, kì í ṣe ìwé ẹjọ́.”

Ló bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn páálí. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: “Ẹ ṣeun, mà. Kí fìlà yìí tù yín lára títí ẹ ó fi parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ yín. Irun yín á tún hù.”

Iléèwé ni wọ́n gbé e lọ. Tíṣà wà ní kíláàsì, akọ̀wé ló bá a gbà á. Akọ̀wé kà á, ó pe ẹnì kejì wá wò ó, ẹnì kejì pe ẹnì kẹta. Kí aago ìsinmi tó lù, ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin tíṣà, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wà níléèwé kan náà, sáré wọ kíláàsì ìyá rẹ̀ tẹkúntẹkún.

“Mọ́mì, wọ́n ní ẹ fẹ́ kú!”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tíṣà pe aránṣọ lórí fóònù.

“Ẹ̀yin lẹ fi fìlà ránṣẹ́ sí mi?”

“Èmi ni, mà. Ṣé ó bá yín lórí mu?”

“Mi ò tíì wò ó. Ta ló ní kí ẹ kọ àìsàn mi sẹ́yìn páálí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Inú rere ni mo fi kọ ọ́.”

“Mo mọ̀. Àmọ́ oṣù mẹ́rin ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ ọ́ fún ọmọ mi. Ẹ ti bá mi sọ ọ́.”

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ àti ọkọ rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Aránṣọ kúnlẹ̀, tíṣà ní kó dìde.

“Ẹ má torí èyí ṣíwọ́ ìwé kíkọ,” ni tíṣà wí. “Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, ó tán. Ẹ má dárúkọ àìsàn, ẹ má sọ ìdí tó fi ra ọjà. Inú páálí ni kí ẹ máa fi í sí. Kí ẹ sì máa béèrè ibi tí èèyàn ti fẹ́ gba ẹrù rẹ̀, àti ẹni tó lè bá a gbà á.”

Ọmọ náà yọjú láti yàrá. “Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?”

“Èmi ni, ọmọ mi. Má bínú.”

Ọmọ náà lọ fara ti ìyá rẹ̀. Tíṣà dárí ji aránṣọ, ṣùgbọ́n kò ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun tí oníbàárà bá sọ fún yín kí ẹ lè bá a ṣiṣẹ́, àṣírí rẹ̀ ni. Ẹ bò ó. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bá ẹlòmíràn gba ẹrù, ẹ gbé e fún ẹni tó ni ín, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́.