Fi Ìtọ́kọ̀ Sílẹ̀, Akínsànyà

Lẹ́yìn tí Èkìtì ti yà kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọkùnrin kan wà ní Àkúrẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní wíwa bàálù kékeré. Akínsànyà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Oǹdó. Ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ ju iṣẹ́ náà lọ, ọtí kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, àní láàárọ̀.

Olúrántí, ọmọ Ìjàrẹ́ tó ń tún bàálù náà ṣe, a máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ayé yín lé Jésù lọ́wọ́."

Bí ẹni da omi sẹ́yìn igbá ni. Akínsànyà a ní, "Tí èmi bá ti di ìtọ́kọ̀ mú, kò sẹ́ni tó ń gbà á lọ́wọ́ mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé Kíkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí opó kan bí ní Isikan ní Àkúrẹ́, lọ sókè. Ó fẹ́ kọ́ ọ bí a ṣe ń darí bàálù tí eré rẹ̀ bá kéré jọjọ. "Tó bá fẹ́ já bọ́, má fa ìtọ́kọ̀ mọ́ra. Tì í síwájú, kí imú bàálù wálẹ̀, kó lè rí eré."

Àmọ́ ọtí àti ṣekárími ti gun un. Ó gba ìtọ́kọ̀, ó darí sí Oǹdó, ó sì rọra ń fò nílẹ̀nílẹ̀ lókè àdúgbò wọn, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbójú sókè wò ó.

Lójijì bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ kò gbé e mọ́. Ẹ̀rù ba Akínsànyà, ó sì fa ìtọ́kọ̀ mọ́ àyà, ohun tó fi ń bá ọmọléèwé wí. Bó ṣe ń fà á ni wọ́n ń já sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ó wà lọ́wọ́ mi," ni Kíkẹ́ wí. Bí wọ́n ti ń gba ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́ ara wọn nìyẹn. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Ó wà lọ́wọ́ ẹ," kó sì tú ọwọ́. Akínsànyà kò tú u. Òrùlé páànù ti sún mọ́ wọn.

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú ìyá mi."

Akínsànyà tú ọwọ́. "Ó wà lọ́wọ́ ẹ."

Kíkẹ́ ti imú bàálù sí ìsàlẹ̀, síbi tí ikú wà gan-an. Eré padà, bàálù gbérí, wọ́n sì là á já.

Nígbà tí wọ́n balẹ̀ ní Àkúrẹ́, Akínsànyà wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó sì ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. "Olúrántí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ ohun tó yẹ, mo fi ń kọ́ni, n kò lè ṣe é. Mo ti gbé."

Olúrántí kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ̀gbọ́n, ohun tẹ́ ẹ sọ fún Kíkẹ́ yẹn, ẹ sọ ọ́ fún Jésù."

Akínsànyà la àtẹ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Jésù, ó wà lọ́wọ́ Rẹ."

Lọ́jọ́ kejì ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá Kíkẹ́. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò jiyàn. Kò sì fi ẹnu kan ọtí mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Kì í ṣe pé o kò mọ ọ̀nà; bóyá o tilẹ̀ ń fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ náà di ìtọ́kọ̀ mú pinpin, ilẹ̀ sì ń sún mọ́. Ta ló ṣèlérí ọ̀la fún ọ? Tú ọwọ́ rẹ lónìí, níbi tó o jókòó sí yẹn, kí o sì wí fún Jésù pé, "Ó wà lọ́wọ́ Rẹ."