Ara Tí Idà Ò Lè Wọ̀

Idà tó ṣẹ́ ló gbé ọmọ ogun kan wọ ilé arọ wa. Ó di èkù mú lọ́wọ́ kan, ó di ìyókù mú lọ́wọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Alágbẹ̀dẹ ńkọ́?"

"Òun lẹ̀ ń wò yìí." Òòlù wà lọ́wọ́ mi, èédú sì ti kùn mí lójú.

Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Wọ́n sọ fún mi pé alágbẹ̀dẹ ibí le bí ojú ẹja. Wọn ò sọ pé ó rẹwà."

"Bàbá mi ni wọ́n ń sọ. Tí wọ́n bá gbọ́ yín, wọ́n á fi ẹ̀mú fa ahọ́n yín yọ."

Mi ò ní purọ́, ojú ẹsẹ̀ lọkàn mi ti fà sí i. Ó dú, ó ń dán. Adúmáadán ni mo ń pè é láti ọjọ́ náà. Òun náà ń pè mí ní Èédú mi.

Ìlú ààlà ni tiwa. Odò kan ló wà láàárín àwa àtàwọn ọ̀tá, ogun ọ̀hún sì ti ń jà kí wọ́n tó bí mi. Àwọn oṣó òdìkejì odò ń jí òkú. Ẹni táwọn tiwa bá pa lónìí, á tún gbé ọgbẹ́ rẹ̀ dìde lọ́la, á sì fa idà yọ. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ò fi tán nílé arọ wa. Òun náà ló jẹ́ kí opó pọ̀ ju ìyàwó lọ ládùúgbò.

Láàárín oṣù mẹ́ta, idà Adúmáadán bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ. Bàbá mi ò gọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ogun lò ń fi idà yìí jà ni, àbí igi lò ń fi là?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́."

Bàbá ò dá òòlù dúró. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ ọmọ ogun. Ọjọ́ kọkànlá ìgbéyàwó ni wọ́n gbé òkú ọkọ dé. Mi ò tún fẹ́ rí ọmọ mi kankan nínú aṣọ opó. Lọ wá ohun tí idà ò fi ní ràn ọ́, kó o tó padà wá síbí."

Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún. Wọ́n ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Oṣó kan ń gbé lẹ́yìn odi ìlú, tí balógun mú wá. Ẹni tó bá fẹ́, á fún un ní òkígbẹ́, idà ò sì ní ran olúwarẹ̀ mọ́ láéláé. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó ń gbà dípò.

"Má lọ," mo wí. "Oṣó kì í ṣoore lásán."

Adúmáadán nu èédú ojú mi. "Èédú mi, kí ni mo ní tó fẹ́ gbà? Mi ò nílé, mi ò lọ́nà. Ìwọ nìkan ni mo ní."

Ó lọ.

Ọdún kan gbáko ló lò lójú ogun. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló dé. Aṣọ rẹ̀ ti ya yánnayànna, ṣùgbọ́n kò sí àpá kan lára rẹ̀. Mo sáré dì mọ́ ọn. Àfi bí ẹni dì mọ́ òpó ilé.

"Mo dé," ó wí.

Bàbá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbé àga. "Àna mi! Ọ̀rẹ́ rẹ aláwàdà tẹ́ ẹ jọ lọ sójú ogun ńkọ́?"

"Wọ́n pa á. Nígbà tí òkú rẹ̀ dìde, èmi ni mo tún pa á." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Mo gbóòórùn nǹkan tó ń jó. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé lé irin gbígbóná. Èmi ni mo bá a gbé e kúrò.

"Ṣé o ṣì nífẹ̀ẹ́ mi?"

Ó ronú. "Mo rántí pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Òun ni mo ṣe padà wá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá oṣó. Ó ń gé èékánná.

"Ara tí idà ò lè wọ̀," ó ní, "nǹkan mìíràn náà ò lè wọ̀ ọ́."

"Ẹ tú u."

"Mo lè tú u. Ṣùgbọ́n gbogbo idà tó ti bà á ni yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wàá rí i bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń mumi tán."

Mo sọ fún Adúmáadán. Kò mikàn.

"Èyí tó bá wù ẹ́ ni kó o ṣe."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi tí idà ti ya aṣọ rẹ̀. Mo kà á dé ogójì, mo dáwọ́ dúró. Mi ò lè pa á nítorí kó lè pè mí ní Èédú mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo sọ fún bàbá pé mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Wọ́n jágbe mọ́ mi. "O ní kí n gbà, mo sì ti gbà! Kí lo tún fẹ́?"

"Ẹni tẹ́ ẹ kọ̀ ni mo fẹ́, bàbá. Èyí tẹ́ ẹ gbà yìí, mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Mo pọ́n idà rẹ̀ fún un. Omijé ń kán sórí irin. Ó ń wò mí.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́ ni?"

"Ó ń dùn mí."

"Báwo ló ṣe ń rí?"

Mo so idà náà mọ́ ọn nídìí. Ó gba ọ̀nà odò lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ọdún kẹfà rèé. Èmi àti bàbá ṣì jọ ń lu irin kan náà. Mo ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀, mo ń gbé oúnjẹ wọn síwájú wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé òòlù sílẹ̀ lójijì.

"Ọmọ mi, ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ kí ojú rẹ rí ohun tójú ẹ̀gbọ́n rẹ rí. Jọ̀wọ́, dárí jì mí."

Wọ́n ti darúgbó.

Mo ní, "Irin ń tutù, bàbá."

Wọ́n gbé òòlù wọn.