Agolo Ọwọ́ Nesta

Gbogbo ará ibùdókọ̀ Cwm Helyg ló mọ̀ pé Selwyn Probert kì í dá ọkọ̀ ojú irin dúró de ẹnikẹ́ni. Bíṣọ́ọ̀bù ì báà máa sáré bọ̀, bí aago bá ti pé báyìí, Selwyn gáàdì á fun fèrè, á ju àsíá aláwọ̀ ewé, ọkọ̀ àtijọ́ náà á sì gbéra.

Àfi ọjọ́ tí Nesta sáré wọlé, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lábẹ́ abíyá. Selwyn wò ó, ó gbàgbé fèrè sẹ́nu. Odindi ìṣẹ́jú kan ló fi dá ọkọ̀ dúró.

"Ẹ ṣeun o, ọ̀gá gáàdì," ni Nesta wí, ó ń mí hẹlẹ.

"Ẹ má sọ fún ẹnì kankan," ni Selwyn dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Opó ni Nesta, Gethin ọkọ rẹ̀ ti kú. Selwyn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò fẹ́yàwó rí. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni Nesta ń wá gun ọkọ̀, á jókòó ti Selwyn ní yàrá gáàdì lẹ́yìn pátápátá, á sì fún un ní kéèkì pẹlẹbẹ tó fi bébà wé.

Ní oṣù kẹrin, Selwyn ní kó fẹ́ òun.

"Ọ̀rẹ́ mi, ní sùúrù," ni Nesta wí. "Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ parí. Ó di oṣù kẹwàá."

Lowri, ọmọ Nesta, tilẹ̀ kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: "Ẹ̀gbọ́n Selwyn, ẹ má yọ màmá mi lẹ́nu o. Wọn ò tíì ṣe tán."

Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, Selwyn gbé òrùka sápò wá síbi iṣẹ́. Ó rí Nesta lókèèrè nínú kóòtù dúdú, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n Nesta kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i, ó lọ tààrà síwájú, sídìí ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀. Tegid dírẹ́bà, onírunmú kíká yẹn, ṣí fìlà, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó fà á gòkè.

Agolo ló wà lọ́wọ́ Nesta, agolo tíì tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúgà nílé ìdáná rẹ̀. Ọjọ́ kan tí Selwyn na ọwọ́ sí i, Nesta ní, "Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kan ìyẹn." Òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, Tegid ló wá ń gbé e fún! Owú gbá Selwyn mú.

"Gáàdì, aago ti kọjá o!" ni Mair, tó ń ta tíì, ké láti ojú fèrèsé. "Àbí wọ́n ti gba èèyàn mọ́ yín lọ́wọ́ ni?"

"Gbájú mọ́ tíì rẹ!"

Selwyn ká àsíá, ó há a mọ́ abíyá, ó gba iwájú lọ. Àwọn èrò ń yọrí wò ó láti ojú fèrèsé.

"Nesta, sọ̀ kalẹ̀! Òfin ò gba èrò láyè nídìí ẹ̀rọ!"

"Selwyn, fún wa níṣẹ́jú kan," ni Tegid wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Mi ò fún yín! Bẹ́ ẹ bá ń fẹ́ra yín, ẹ lọ fẹ́ra yín nílé! Nesta, agolo tí o ní kí n má fọwọ́ kàn, òun lo gbé wá fún ọkùnrin yìí?"

Omi wà lójú Nesta. "Gethin ló wà nínú rẹ̀, Selwyn."

Selwyn fà sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Eérú rẹ̀ ni. Ogún ọdún ló fi kó èédú sínú iná ọkọ̀ yìí, kí ìwọ tó débí. Ó ní bí wọ́n bá ti sun òun tán, kí n wá da eérú òun síbí, kí òun bá èéfín lọ. Mi ò lè ṣe é nígbà náà, mo ní ó di ọdún kẹta ikú rẹ̀; òní ló pé. Mi ò lè fẹ́ ọ, kí Gethin ṣì máa wò wá láti ẹ̀gbẹ́ ṣúgà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. O máa ń jowú jù."

"Èmi? Èmi jowú kẹ̀?"

Tegid wúkọ́. Ìtìjú bo Selwyn, ó ṣí fìlà.

"Dárí jì mí, Nesta. Dúró síbẹ̀. Mú un dé ibi tó ń lọ."

Tegid ṣí ilẹ̀kùn iná. Nesta da agolo náà sínú rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pe Gethin ní "ọkọ mi". Kí n má purọ́ fún yín, owú tún ta Selwyn lọ́kàn níbẹ̀, ó ń jowú òkú. Ó gbé owú náà mì.

Nesta sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ lé Selwyn lọ sí yàrá gáàdì lẹ́yìn. "Tegid ní bí ọkọ̀ bá ti ń gun òkè, gbogbo rẹ̀ á jáde. Fun fèrè rẹ. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ kó fún un láyè kó máa lọ."

Selwyn fun fèrè, ó ju àsíá. Ọkọ̀ gbéra. Èéfín funfun ṣú bo orí igi, ó kọjá lójú fèrèsé wọn, àwọn méjèèjì sì ń wò ó títí ó fi tán.

"Ó yá, tún bi mí," ni Nesta wí.

Selwyn yọ òrùka. Nesta na ọwọ́ òsì. Eérú díẹ̀ ṣì wà lára ìka rẹ̀, Selwyn sì rí i. Kò nù ún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi òrùka náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.