Ẹja Méjì Tí Ìyá Arúgbó Yá Láwàlì

Ẹja ń jẹ ẹ̀kọ ní àtẹ́lẹwọ́ ọmọbìnrin náà. Ó dúró sínú odò, omi dé e lórúnkún, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì ń bá àwọn ẹja náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àbúrò wí. Láwàlì dúró létí odò pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, ó gbàgbé ohun tó wá ṣe.

"Ṣé omi lẹ fẹ́ pọn, àbí ẹ fẹ́ wò mí tán ni?"

"Ẹja ni mo wá wá."

"A kì í pa ẹja odò yìí. Ti Ọ̀ṣun ni."

"Mi ò fẹ́ pa á. Mo fẹ́ kó wá bá ẹran mi gbé ni."

Ọdún 1982 nìyẹn, ní abúlé kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Láwàlì ń kọ́ àwọn ọmọ ní báọ́lọ́jì ní ilé-ìwé kan ní Aké. Òyìnbó tó kọ́ ọ ní yunifásítì ti padà sílùú rẹ̀, ó sì fi asólótì kan sílẹ̀ fún un: ẹran omi tó jọ alángbá, funfun báláú, tí ohun pupa tó fi ń mí yọ lọ́rùn rẹ̀ bí ìyẹ́. Inú àpótí gíláàsì ló ń gbé. Ooru ò bá a lára mu, omi àmù ni Láwàlì fi ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Láwàlì rò pé ìdáwà ń dùn ún. Ó fa ìlà sínú ìwé, ó kọ orúkọ ẹja sí i, ó ń rò ó bí ẹni ń já àlọ́. Àrọ̀ yóò bù ú jẹ. Epìyà ńlá yóò máa já ohun pupa ọrùn rẹ̀. Èyí tó bá sì kéré, asólótì fúnra rẹ̀ yóò gbé e mì.

Nígbà kẹta tó wá sódò, ó ka ìwé náà fún ọmọbìnrin náà, tí ń jẹ́ Ọ̀ṣungbèmí. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Tíṣà Alángbá! Ẹja tí kì í jẹni, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè jẹ? A ò tíì bí i."

"Bí a bá bí i ńkọ́?"

"Màá fẹ́ ẹ."

"Èmi náà kì í jẹni, Gbèmí."

Ọ̀ṣungbèmí wọ́n omi sí i lójú.

Ìyá rẹ̀, Ọ̀ṣunbíyìí, ló ń tọ́jú odò náà. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí Láwàlì wá tọrọ ọmọ, ìyá náà ní kí wọ́n bu ẹja kékeré méjì sínú igbá.

"Wọ́n ní ọmọ Àlàájì ni ọ́. Ìyẹn ò kàn mí. Ṣé o lè tọ́jú ohun olóhun? Mo yá ọ ní ẹja yìí. Dá wọn padà láàyè ní ìtàdógún òní, n óò fún ọ lọ́mọ."

Ká ní ó fi wọ́n sínú garawa ni, kò sí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Láwàlì fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti já àlọ́ náà. Ó fi rúlà wọn ẹnu asólótì, ó wọn ẹja. Ẹja fi díẹ̀ tóbi ju ẹnu lọ. Ó da wọ́n pọ̀. Ẹnu tó padé ló wọ̀n. Nígbà tó fi máa ti ilé-ìwé dé, ẹja kan ṣoṣo ló kù.

Ó ra èyí tó jọ ọ́ lọ́wọ́ àwọn apẹja ní Láfẹ́nwá. Nígbà tí ọjọ́ pé, ìyá arúgbó ki ọwọ́ bọ igbá, ó fọwọ́ kan àwọn ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "O ṣé, ọmọ mi."

Lẹ́yìn ilé, Ọ̀ṣungbèmí dì í lọ́wọ́ mú. "Ọ̀kan kì í ṣe tiwa. Níbo ni èkejì wà?"

"Ṣebí ìyá ti gbà á."

"Ìyá mi ń kú lọ, ìwọ sì ń parọ́ fún un. Má padà wá síbí."

Láwàlì fẹ́ padà lọ jẹ́wọ́. Ó kọ lẹ́tà, ó ya á. Ojú ń tì í. Ọjọ́ mọ́kànlá kọjá kó tó gbéra, wọ́n sì ti sin Ọ̀ṣunbíyìí láti ìjẹta.

Ó bá Ọ̀ṣungbèmí létí odò pẹ̀lú ìkòkò omi. Ọmọbìnrin náà ti rù hangogo.

"Ẹran mi ló gbé ẹja yín mì. Mo ra òmíràn, mo sì parọ́. Asólótì ti wà ní ilé-ìwé báyìí, òun nìkan, bó ṣe yẹ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ìyá mi mọ̀."

"Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?"

"Ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní bí o bá fúnra rẹ wá sọ ọ́, kí n fẹ́ ọ. Bí o ò bá wá, kí n má wá ọ lọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí, Láwàlì. 'Ṣé ó ti dé?' Ojoojúmọ́!"

Ọ̀ṣungbèmí jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Láwàlì náà sunkún.

"Èmi ni màá máa tọ́jú odò báyìí," ni Ọ̀ṣungbèmí wí nígbẹ̀yìn. "Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí o máa jẹ́ Sìlífátù, kí o fi odò sílẹ̀. Mo ní n kò ní béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n ní kí n má dé ilé àwọn ní Igbein mọ́."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Ilé-ìwé abúlé yín ń wá tíṣà."

Ọ̀ṣungbèmí wò ó pẹ́. Ó ká òṣùká, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ìkòkò náà.

"Ẹni tó bá gbé e rù mí lónìí, òun ni yóò máa sọ̀ mí títí ayé."

Láwàlì gbé e rù ú. Omi dà sí àwọn méjèèjì lára. Ọ̀ṣungbèmí ṣáájú, ó ń lọ sí ilé tí kò sí ẹni tí yóò kí i káàbọ̀ mọ́. Láwàlì tẹ̀ lé e láti lọ sọ̀ ọ́.