Ọ̀pá Àṣẹ Inú Báàgì

"Àǹtí, bá wa ṣọ́ ẹrù yìí, a ò ní í pẹ́ dé," ni ìyá rẹ̀ wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ẹrù náà kò ju báàgì méjì, ike omi kan àti súwẹ́tà àbúrò rẹ̀ lọ. Kí ni olè fẹ́ fi súwẹ́tà ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe? Àmọ́ Àǹtí kò jiyàn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo bàbá rẹ̀ tó gbé àbúrò rẹ̀ sórí itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá rẹ̀ juwọ́ sí i. Ọkọ̀ fọn fèrè, èéfín rú túú, wọ́n sì lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Kì í ṣe pé wọn kò fún un lórúkọ o. Àbúrò rẹ̀ ló ń pè é ní Àǹtí, nígbà tí àìsàn sì dá ọmọ náà dùbúlẹ̀, tó jẹ́ pé ohun tó bá sọ labẹ gé nínú ilé, bàbá àti ìyá wọn náà bá a pè é bẹ́ẹ̀. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nílé ìwòsàn. Àǹtí kọ́ bí a ti ń dá jẹun, ó kọ́ bí a ti ń dá ilé sùn. Nígbà tó mú èsì ìdánwò rẹ̀ wálé, tó ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò, orí tábìlì ló gbé e sí kí wọ́n lè rí i. Ìgò oògùn ni wọ́n gbé lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò níbẹ̀.

Ara ọmọ náà ti yá báyìí, ọpẹ́ ni. Àǹtí fẹ́ràn àbúrò rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun tó kàn ń dùn ún ni pé ojú àwọn òbí wọn kò tíì kúrò lára ẹnì kan ṣoṣo yẹn.

Oníṣẹ́ fíríìjì ni bàbá rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, bó ṣe ń tú ẹ̀yìn fíríìjì oníbàárà kan, Àǹtí ló ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì. Láìgbójú sókè, ó ní, "Tí a bá dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ìwọ la jọ máa jókòó nínú ọkọ̀. Àwa méjì péré. Wàá wá ròyìn ilé-ìwé fún mi dáadáa." Tọ́ọ̀ṣì fẹ́ẹ̀ jábọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń to ohun tó máa sọ lọ́kàn, èyí tó máa ṣáájú àti èyí tó máa kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti dé, àbúrò rẹ̀ di ṣòkòtò bàbá mú, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. "Ìrìn kejì ni tìẹ," ni bàbá rẹ̀ sọ fún un bó ṣe ń wọlé.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kò tóbi. Ibùdókọ̀ àtijọ́ oníyàrá mẹ́ta ni, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì eléèéfín kan tí wọ́n ń nù títí ó fi ń dán, àti ọkọ̀ èrò méjì tó so mọ́ ọn lẹ́yìn. Yóò lọ títí dé ìdí táǹkì omi kan lókèèrè, yóò sì padà. Yàrá tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ti ń darí ọ̀nà. Bàbá àgbàlagbà kan ló wà níbẹ̀, tó fi okùn so fèrè idẹ mọ́ ọrùn. Bàbá Fèrè ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

"Ìwọ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀?" ó yọjú sí Àǹtí.

"Wọ́n ní kí n ṣọ́ ẹrù ni, sà."

"Ẹrù wo? Ẹrù tí kò tó ẹrù yìí? Gbé e wá síbí, ká jọ ṣọ́ ọ kó má baà sá lọ."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín náà, ó sì yà á lẹ́nu.

Bàbá Fèrè fi àwọn irin gígùn tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà hàn án. Ó wá tọ́ka sí ìkọ́ kan lára ògiri, kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀.

"Ọ̀pá àṣẹ ló máa ń wà níbí. Ọ̀nà wa yìí kò gba ọkọ̀ méjì, bí méjì bá pàdé lórí rẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀pá kan ṣoṣo la ní, ọwọ́ awakọ̀ ló sì wà báyìí. Awakọ̀ tí ọ̀pá náà kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún ọkọ̀ síwájú rárá. Bó jẹ́ ọba ló wà nínú ọkọ̀, yóò dúró."

"Tó bá wá sọnù ńkọ́, sà?"

"Á jẹ́ pé kálukú máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé nìyẹn." Ó bi í léèrè kíláàsì tó wà, àti iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù. Ó gbọ́ ti ipò kìíní. "Nínú ìṣirò? Ìwọ yìí? Ó yẹ kí n dìde kí ọ!" Ó sì dìde lóòótọ́, ó bọ́ fìlà.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, awakọ̀ na ọ̀pá náà sí wọn láti ojú fèrèsé. Idẹ ni, kò gùn ju rúlà ilé-ìwé lọ. Bàbá Fèrè gbà á, ó gbé e lé Àǹtí lọ́wọ́. "Ìwọ ni kó o bá mi gbé e kọ́." Ó tutù, ó sì wúwo. Àǹtí gbé e kọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ó sáré jáde lọ bá bàbá rẹ̀, nítorí àsìkò tirẹ̀ ti tó.

Àbúrò rẹ̀ ń sunkún, ó di ọrùn bàbá wọn mú pinpin.

"Àǹtí, jọ̀ọ́," ni bàbá rẹ̀ wí, "ó ní òun ṣì fẹ́ lọ, èmi ló sì fẹ́ bá lọ. Ìjókòó méjì péré ló kù. Ìwọ ò kúkú ṣe ọmọdé mọ́. Ìgbà míì, a máa padà wá."

"Kò burú, sà," ni Àǹtí sọ. Ó burú. Kò tíì sí ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ láti ọdún tí àbúrò rẹ̀ fi ṣàìsàn. Ìyá rẹ̀ ti bọ́ bàtà sábẹ́ igi, ó ń fẹ́ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ojú Àǹtí.

Ó padà lọ kó ẹrù. Bàbá Fèrè ti lọ bu omi sí ẹ́ńjìnnì, yàrá dá páropáro. Ọ̀pá àṣẹ wà lórí ìkọ́. Àǹtí dúró, ó ń wò ó. Tí òun ò bá ní í lọ, kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ohun tó sọ nínú ọkàn rẹ̀ nìyẹn, kí a má parọ́. Ó mú ọ̀pá náà, ó fi súwẹ́tà wé e, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ọkọ̀ kún. Awakọ̀ na ọwọ́ jáde, ó ń dúró de ọ̀pá. Bàbá Fèrè wọ yàrá, ó jáde, ó tún wọlé. Ó tú àpò ẹ̀wù, ó tú ti ṣòkòtò. Ó dọ̀bálẹ̀ yẹ abẹ́ tábìlì wò, ó sì ṣòro fún un kó tó lè dìde. Ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, obìnrin kan tó wọ gíláàsì, jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀.

"Bàbá, kí ló ń dá wa dúró?"

"Mi ò rí ọ̀pá, mà. A gbé e kọ́ síbẹ̀. Àbí a ò gbé e kọ́?"

"Ẹ̀yin àti ta ni? Ta ló bá yín wọ yàrá?"

"Ọmọ dáadáa kan ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Irú ọmọ yẹn kọ́. Orí mi ni kò pé mọ́, mà."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ gbàgbé géètì ní ṣíṣí. Lónìí, ọ̀pá." Obìnrin náà kò pariwo. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ìyẹn sì tún burú jù. "Bàbá, mo rò pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa bójú tó yàrá yẹn."

Bàbá Fèrè gbé ọwọ́ sí ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn fèrè rẹ̀. Okùn kò tètè tú.

Àǹtí lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó fura sí i, ó sì lè ju ọ̀pá náà sínú igbó tó bá yá. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó bá a sọ̀rọ̀ dáadáa láti àárọ̀ ni wọ́n fẹ́ lé lọ yìí. Ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọwọ́ mi ló wà. Èmi ni mo mú un."

Ó fà á yọ nínú súwẹ́tà. Gbogbo ojú tó wà nínú ọkọ̀ yí sí i. Bàbá Fèrè wo ọ̀pá, ó wo Àǹtí.

Ọ̀gá obìnrin náà kọ́kọ́ yíjú sí bàbá àgbàlagbà. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ so fèrè yín padà." Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún Àǹtí pé, "Ìwọ fúnra rẹ ni wàá gbé e lọ fún awakọ̀."

Ìrìn náà kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, àmọ́ ó gùn lójú Àǹtí. Ojú tì í dé ibi tí ojú lè ti ènìyàn dé. Awakọ̀ gba ọ̀pá, ó mirí. Àbúrò rẹ̀ yọ orí ní fèrèsé, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́: "Àǹtí mi ló rí i o! Àǹtí mi ló rí i!"

Bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó pe ìyá wọn láti wá jókòó ti ọmọ, ọkọ̀ sì gbéra. Ó mú Àǹtí padà sórí bẹ́ǹṣì, òun náà sì jókòó sí ìkángun kejì.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́ tó o fi dójú tì mí báyìí?"

"Ẹ ní àwa méjì la jọ máa jókòó." Àǹtí fi ọwọ́ nu ojú. "Lọ́jọ́bọ̀. Èmi ni mo tan tọ́ọ̀ṣì fún yín."

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i. Ó hàn gbangba pé ó rántí ìrìn kejì, àmọ́ ó ti gbàgbé àdéhùn àwọn méjì péré.

"Kí ló dé tó ò rán mi létí?"

"Mo rò pé ẹ máa rántí."

"Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́, Àǹtí. Kí ni bàbá yẹn ṣe?"

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé. Ohun tó ti ń retí láti Ọjọ́bọ̀ ló rí yẹn, òun àti bàbá rẹ̀, àwọn méjì péré. Kò dùn.

Nígbà tí wọ́n lọ bẹ Bàbá Fèrè, ó ń fi ìṣó kan àpótí irin mọ́ ògiri, níbi tí ìkọ́ wà tẹ́lẹ̀. Àǹtí kúnlẹ̀.

"Dìde, mo ti dárí jì ọ́," ni bàbá àgbàlagbà náà wí. Ohùn rẹ̀ kò le, àmọ́ kò bá a ṣàwàdà mọ́. Ó ti ọ̀pá àṣẹ mọ́ inú àpótí, ó fi àgádágodo sí i.

Ọmọbìnrin kékeré kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ṣé mo lè dì í mú díẹ̀?"

"Rárá, ọmọ mi. A ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án mọ́."

Àǹtí mọ̀ nígbà náà pé òun kọ́ nìkan ló máa jìyà ohun tí òun ṣe. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ wá, ẹni náà ló yẹ ká lọ bá, ká sì fi ẹnu ara wa sọ ibi tó ń dùn wá. Bí a bá gbé ìbínú wa lọ sọ sórí aláìmọwọ́mẹsẹ̀, wọ́n lè dárí jì wá, àmọ́ ọwọ́ tí wọ́n fi gbà wá tẹ́lẹ̀ lè má ṣeé rí gbà mọ́. Ọmọbìnrin kékeré náà ṣì dúró díẹ̀, ó ń wo àgádágodo, lẹ́yìn náà ó bá ti ẹ̀ lọ.