Àga Tí Kò Ní Àmì

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú géètì, èkejì wà níta. Báyìí ni Àǹtí Akanlẹ̀kùn ṣe kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ó ga, ó dúdú, lẹ́búlẹ́bú pákó wà nínú irun rẹ̀, ó di fìlà rẹ̀ mú mọ́ àyà, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ bí ẹni pé ajá tó ń géni jẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àǹtí mọ irú ìdúró bẹ́ẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni Ilé Àtúnbẹ̀rẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará àdúgbò ló kùn ún lọ́dà, tí wọ́n to tábìlì gígùn sínú rẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ilé ìwé ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lè rí ibi padà sí. Ẹni tí kò lè kàwé dáadáa á kọ́ ọ níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ á rí iṣẹ́ ọwọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kọ́ ló le jù, géètì ni. Ọ̀pọ̀ wọn á rìn débẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á wẹ̀yìn, wọ́n á sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ Àǹtí ni láti rí i pé wọn kò yí padà. Bí wọ́n bá sì wọlé tán tí wọ́n tún pòórá, òun náà ló ń lọ kan ilẹ̀kùn ilé wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ó jáde lọ bá ọkùnrin náà.

"Wọlé, jọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó máa bú ọ níbí."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Bí ẹnikẹ́ni bá bú ọ, èmi ni kó o wá bá."

Ọkùnrin náà wọlé bí ọmọ gidi. Àǹtí fi àga kan hàn án, ó fún un ní búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti ọ̀dà, ó sì ṣàlàyé òfin ilé fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá wá síbí á ya àmì tirẹ̀ sẹ́yìn àga rẹ̀. Àmì ẹni méjì kò gbọdọ̀ jọra. Bí ẹni tó ni àga kò bá wá, a kì í gbé àga náà kúrò, ẹlòmíràn kì í sì í jókòó sí i. Á ṣófo títí ẹni tó ni ín á fi dé.

Ọkùnrin náà fetí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ya ayùn kan sẹ́yìn àga, ó yà á tó bẹ́ẹ̀ tí Àǹtí fi pàtẹ́wọ́.

"O káre! Ṣé o rí i pé orí rẹ pé?"

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà tí Ọ̀gá Màmá, ìyá arúgbó tó dá ilé náà sílẹ̀, fi wọlé. "Háà, ẹ ti pàdé! Káfíńtà tí mo sọ fún yín nìyí o, olùkọ́ iṣẹ́ igi wa tuntun."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí wo ilẹ̀, ilẹ̀ kò lanu gbé e mì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà! Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti ní kí n wọlé nílé ìwé," Káfíńtà fèsì wẹ́rẹ́. "Mo fẹ́ gbádùn ẹ̀ díẹ̀ sí i ni."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí obìnrin yìí sinmi. Bó bá rí i tó ń kọjá lẹ́nu yàrá iṣẹ́ igi, á na ọwọ́ sókè bí akẹ́kọ̀ọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ mu omi."

"Ẹ máa lọ, ẹ má pẹ́ níbẹ̀ o."

"'O' lẹ kọ́kọ́ fi pè mí. 'Ẹ' yìí ò dùn lẹ́nu yín rárá."

"A kì í fi 'o' pe olùkọ́."

"Ta wá ni à ń fi pè?"

Àǹtí mọ ìdáhùn. Kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò pamọ́.

Òun àti Káfíńtà ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kanlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Kò-kàn-mí, nítorí gbólóhùn tó máa ń fi dá gbogbo ayé lóhùn nìyẹn. Òun náà pòórá. Wọ́n wá a lọ nínú òjò, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀. A kì í bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kí ló dé, ìbéèrè yẹn ti pọ̀ jù láyé wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Àǹtí máa ń sọ.

"Àga rẹ ṣófo."

"Kò kàn mí," ohùn kan dáhùn láti inú ilé.

Káfíńtà sún mọ́ ilẹ̀kùn. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan tún ti ń mì. Mi ò ní bá ọ tún un ṣe o, ìwọ ni wàá tún un ṣe."

Ó pẹ́ díẹ̀. Òjò ń rọ̀ sí wọn lórí, wọn kò kúrò. Ìgbà tó yá, kọ́kọ́rọ́ dún nínú ilẹ̀kùn. "Ẹsẹ̀ wo ló ń mì?" ọmọ náà bèèrè.

Bí wọ́n ṣe ń padà ni Káfíńtà sọ ìtàn ara rẹ̀ fún Àǹtí. Ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ láràárọ̀ kó tó gbéra, kò sì sí àárọ̀ tí kì í pẹ́ dé ilé ìwé. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé ti géètì mọ́ ọn, ó ní kó má padà wá mọ́.

"Mo dúró síta títí wọ́n fi jáde. Kò sẹ́ni tó wá pè mí."

"Ká ní mo wà níbẹ̀, mi ò bá ti jáde wá."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn rẹ nìyẹn."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé òun sọ ọ́. Àǹtí dúró láàárín òjò, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi náà fẹ́ràn rẹ," ó ní, "o ò sì gbọdọ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́la." Láti ọjọ́ náà, 'ẹ' parí láàárín wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń rú Káfíńtà lójú. "Gbogbo èèyàn ló ní àga nílé yìí. Níbo ni tìrẹ wà?"

"Ẹni tó ń rìn kiri, kí ló fẹ́ fi àga ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Káfíńtà lọ́kàn.

Nígbà tó yá, Káfíńtà ní òun fẹ́ wá kí bàbá Àǹtí. Ó mọ̀ pé tíṣà ni Bàbá kó tó fẹ̀yìntì, kò bèèrè ilé ìwé wo. Ẹni tí ìfẹ́ ń dà láàmú kì í rántí bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bàtà rẹ̀ ń dán lẹ́sẹ̀ bó ṣe máa ń dán lójoojúmọ́ ayé. Káfíńtà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìgbà tó gbójú sókè tó rí ojú Bàbá, ojú tirẹ̀ yí padà.

"Ilé ìwé wo lo lọ?" Bàbá bèèrè, nítorí kò sẹ́ni tí kì í bi ní ìbéèrè yẹn.

"Ti yín ni, sà. Ẹ̀yin lẹ ti géètì mọ́ mi, tí ẹ ní kí n má padà wá mọ́."

Bàbá wò ó lọ títí. "Mi ò rántí rẹ."

Àǹtí rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ ọkùnrin náà lára ju lílé tí wọ́n lé e lọ. Ojú ti Bàbá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìtìjú àgbà kì í pẹ́ di ìbínú. "Bí mo bá lé ọ, ó nídìí. Ẹni tí kò parí ìwé kò lè fẹ́ ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, sà," Káfíńtà dáhùn. Ó dìde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

Àǹtí yíjú sí Bàbá. "Bàbá, ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe? Àwọn tí ẹ ti géètì mọ́ ni mò ń lọ kanlẹ̀kùn fún." Kò tíì bá bàbá rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, Káfíńtà kò wá. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, kò wá. Àga aláyùn ṣófo láàárín kíláàsì, àwọn ọmọ ń rìn yí i ká, wọ́n ń wo Àǹtí.

Kò-kàn-mí ni kò lè pa á mọ́ra. "Kò kàn mí o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wá sílé mi nínú òjò, kí lẹ ń dúró dè?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Pé ó lè má ṣílẹ̀kùn."

"Èmi náà ò kọ́kọ́ fẹ́ ṣí i," ọmọ náà ní. "Ẹ dúró síbẹ̀ ni."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá ń kun bàtà rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ kò kọjá ẹ káàárọ̀, ẹ kú alẹ́. Lójijì ó bèèrè, láìgbójú sókè, "Kí lẹ máa ń sọ gan-an tí ẹ bá kanlẹ̀kùn wọn?"

"A máa ń sọ pé, 'Àga rẹ ṣófo.'"

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, sà."

Bàbá ń bá bàtà rẹ̀ lọ. Àǹtí rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó mọ́kàn le, ó gba ọ̀nà ilé Káfíńtà lọ. Ó ti ń to ohun tó máa sọ jọ, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló ti rí bàtà kan nílẹ̀. Ó ń dán, okùn rẹ̀ wà ní dídì dáadáa. Bàtà bàbá rẹ̀ ni.

Ó ti tán, ó sọ nínú ara rẹ̀. Bàbá ti wá bá a débí láti wá bú u mọ́lé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sókè, kò lè kanlẹ̀kùn, kò lè padà. Ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ nínú ilé.

"Àga rẹ ṣófo."

Lẹ́yìn náà Bàbá tún bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, orí tìrẹ wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbìyànjú láti rántí ojú rẹ, mi ò rí i. Àwọn ọmọ tó ń tètè dé nìkan ni mo rántí."

"Màmá mi ló ń ṣàìsàn nígbà yẹn, sà."

"Mi ò bèèrè."

"Ẹ ò bèèrè, sà."

"Mo ń bèèrè báyìí. Ṣé ara wọn yá?"

"Ara wọn yá, sà. Wọ́n wà láàyè. Wọ́n lọ sọ́jà ni."

"Ọpẹ́ o," Bàbá ní. "Ọpẹ́ ni fún Olúwa."

Àǹtí ti ilẹ̀kùn, ó wọlé tẹ̀rín-tẹkún. Káfíńtà fò dìde.

"Ẹ wá wo nǹkan! Akanlẹ̀kùn tó wọlé láìkanlẹ̀kùn!"

"Pa ẹnu mọ́. Kí ló dé tí o pa mí tì bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé nítorí mi lo fi máa bá bàbá rẹ jà. Ṣùgbọ́n mi ò káwọ́ gbera o." Ó tọ́ka sí igun yàrá. Àga tuntun kan wà níbẹ̀, ó jọ ti Ilé Àtúnbẹ̀rẹ̀ látòkè délẹ̀, àfi pé kò sí àmì kankan lẹ́yìn rẹ̀. "Tìrẹ ni. Ẹni tó ń rìn kiri nítorí gbogbo wa yẹ kó níbi tó máa jókòó sí." Ó yíjú sí Bàbá. "Sà, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín."

"Èmi kọ́ ni kó o bi," Bàbá dáhùn. "Òun rèé."

Àwọn méjèèjì ń wò ó. Àǹtí nu ojú rẹ̀. "Ẹ gbé àga yẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ ya àmì sí i kí wọ́n tó ti géètì."

Báyìí ni àdúgbò ṣe rí ọ̀gá ilé ìwé àná tó di ẹsẹ̀ àga kan mú, tí Káfíńtà di èkejì mú, tí Àǹtí sì ń ṣáájú wọn lọ bí ẹni tí kò fẹ́ pẹ́. Ní ẹnu géètì, Bàbá dúró, ó ń wo inú ilé. Ọ̀gá Màmá rí i, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wọlé, sà. Kò sẹ́ni tó máa bú yín níbí."

Wọ́n gbé àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Káfíńtà. Àǹtí ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ya àmì rẹ̀ láìkánjú. Ayùn ni. Eyín rẹ̀ wọ́ díẹ̀.

"Àǹtí!" Kò-kàn-mí pariwo. "Àmì ẹni méjì kò gbọdọ̀ jọra! Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀," Àǹtí fèsì. "Níbo lo ti rí ẹni méjì?"

Káfíńtà ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Ó fi fìlà rẹ̀ bojú. Kò-kàn-mí wo àga méjèèjì, ó wo olùkọ́ rẹ̀ tó ń sunkún sínú fìlà, ó ní kò kan òun, òun náà ló sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Bí kíláàsì ṣe ń hó, Àǹtí Akanlẹ̀kùn yí àga rẹ̀ dáadáa, ó ṣọ́ra fún ọ̀dà tútù, ó sì jókòó.