Adìyẹ Àpèkẹ́ Lọ Kí Àwọn Ọmọ Ìyá Rẹ̀

Àpèkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Ìrókò ni ó ń gbé, láyé ìgbà tí ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Àpèkẹ́ kì í jókòó. Bí ó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jó. Bí ẹsẹ̀ bá sinmi, ọwọ́ á gbà á.

"Àpèkẹ́, ṣé ìjàlọ wọ̀ ọ́ láṣọ ni?" Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà máa ń bi í. Ẹ̀rín ni Àpèkẹ́ á fi dáhùn.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà ra adìyẹ kan bọ̀ láti ọjà Akínyẹlé. Adìyẹ pupa ni. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó.

"Àpèkẹ́, gba adìyẹ yìí, kí o máa bá mi sìn ín. Bí ó bá pa ọmọ, a ó pín in, èmi àti ìwọ."

"Ẹ ṣé o, Ìyá Àgbà!" Àpèkẹ́ kúnlẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀ dáadáa, ó ti dìde.

"Ṣùgbọ́n má tú u o! Àlejò ni. Kò tí ì mọ ilé. Bí o bá tú u, ó lọ nìyẹn."

Ilẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà lọ sí oko.

Adìyẹ ń yí òpó po. Fìrì, fìrì, fìrì! Ó ń họ ilẹ̀. Wàrà, wàrà, wàrà! Ó na ọrùn. "Kọ̀ọ́? Kọ̀ọ́?"

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ara ò rọ Àpèkẹ́ pàápàá.

"Pẹ̀lẹ́," ni ó wí. "Èmi náà ò lè jókòó." Ó tú okùn. Díẹ̀ báyìí ló fẹ́ tú u, kí ó kàn na ẹsẹ̀.

Fìrì! Adìyẹ ti lọ.

Àpèkẹ́ wo ọ̀tún. Kò sí adìyẹ. Ó wo òsì. Kò sí adìyẹ. Agogo ilé ìwé sì ń dún. Gbaun! Gbaun! Gbaun!

Abẹ́ igi ọdán ni ilé ìwé wà. Tíṣà Adéyẹmí dúró níwájú àwọn ọmọ.

"Lónìí," ni Tíṣà wí, "a ó kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ òyìnbó tó jọra létí. Hen ni adìyẹ."

Àpèkẹ́ fò sókè. "Níbo ló wà, Tíṣà?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Kẹ́-kẹ́-kẹ́! "Jókòó, Àpèkẹ́," ni Tíṣà wí.

"Pen ni gègé tí a fi ń kọ̀wé. Ten ni ẹ̀wá. Men ni àwọn ọkùnrin. Den ni ihò tí ẹranko fi ń ṣe ilé."

"Hen! Pen! Ten! Men! Den!" Àwọn ọmọ ké e, ẹyẹ tó wà lórí igi fò lọ.

"Ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún?" ni Tíṣà wí. "Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan, ẹ máa wá àwọn yòókù lọ."

Ọmọ ìyá! Àpèkẹ́ la ẹnu sílẹ̀. Ní agbo ilé wọn, bí a bá wá èèyàn tì, ilé ọmọ ìyá rẹ̀ ni a ń lọ. Ní ìjẹta tí wọ́n wá Bàbá rẹ̀ tì, ilé ẹ̀gbọ́n Bàbá ni wọ́n ti bá a, ó ń jẹ iyán.

"Adìyẹ mi lọ kí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni!"

Tíṣà ní kí wọ́n máa lọ sílé. Àpèkẹ́ dìde. Pàtà, pàtà, pàtà!

Pen ni ó kọ́kọ́ wá lọ. Orí tábìlì Tíṣà ni pen wà. Àpèkẹ́ wo abẹ́ tábìlì. Ó wo inú àpótí.

"Kí lò ń wá, Àpèkẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ṣé hen wá kí pen níbí?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣí lórí wọn. "Àpèkẹ́! Ẹnu ni wọ́n ti jẹ́ ọmọ ìyá! Kì í ṣe pé..."

Ta ló ń gbọ́? Àpèkẹ́ ti lọ. Pàtà, pàtà, pàtà!

Ó ku ten. Níbo ni ten ń gbé? Àpèkẹ́ dúró láàárín ọ̀nà. Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó kà wọ́n. Ẹ̀wá ni! Ọwọ́ òun gan-an ni ten ń gbé!

Ó yí ọwọ́ síwájú. Ó yí i sẹ́yìn. Kò sí adìyẹ níbẹ̀.

"Ọwọ́ yìí ló tú u," ni Àpèkẹ́ wí. Omi lé sí i lójú. Oòrùn ń lọ. Ìyá Àgbà kò ní pẹ́ dé. Kí ni yóò wí fún wọn?

Ó nu ojú. Pàtà, pàtà, pàtà!

Ó ku men. Àwọn ọkùnrin wà ní ilé Bàbá Fárìndé. Wọ́n ń bá wọn ṣe ọ̀wẹ̀. Àwọn kan ń ju koríko sókè, àwọn kan ń fi bo ilé. Hù-úp! Hù-úp!

"Ṣé hen wà níbí?" Àpèkẹ́ kígbe.

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. "Ọmọ yìí kò kí wa," ni ọ̀kan wí.

Àpèkẹ́ kúnlẹ̀ kíá. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá!"

"Hẹn-ẹ́n! O ṣé, ọmọ dáadáa. Kí lò ń wá?"

"Adìyẹ mi ni. Mo ní bóyá ó wá kí yín. Ẹ̀yin ni men. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni yín!"

Àwọn ọkùnrin wo ara wọn. "Háà! Ọjọ́ wo la di ọmọ ìyá adìyẹ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, koríko bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wàrà!

Bàbá Fárìndé yọjú láti orí ilé. "Ṣé adìyẹ pupa ni? Mo rí i láti òkè yìí. Ó yọ́ lọ sẹ́yìn àká àgbàdo yín."

Àpèkẹ́ ò dúró dúpẹ́ tán. Pàtà, pàtà, pàtà, pàtà!

Ihò kan wà ní ẹsẹ̀ àká. Ihò! Den! Àpèkẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀. Ìyẹ́ pupa. Ojú róbótó kan. Adìyẹ rẹ̀ rèé!

Ó na ọwọ́. "Kọ̀ọ́!" Adìyẹ gbéra díẹ̀. Igbó kò jìnnà. Bí ó bá sá lẹ́ẹ̀kejì, ó di àwátì.

Àpèkẹ́ fa ọwọ́ padà. Ó jókòó.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ jó. Ó dì í mú. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ gbà á. Ó fi ìdí jókòó lé e. Eṣinṣin bà á nímú. Kò mira.

"Àpèkẹ́ o!" Ìyá Àgbà ti dé. Wọ́n ti rí okùn nílẹ̀. "Àpèkẹ́!"

Àgbà ń pe ọmọdé, ọmọdé ò jẹ́! Ó dun Àpèkẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pẹ́nrẹ́n, adìyẹ á sá.

Ìyá Àgbà yọ lẹ́yìn àká, ojú wọn le. Wọ́n rí Àpèkẹ́. Wọ́n rí ihò. Àwọn náà rọra jókòó.

Ṣìì.

Ṣìì.

"Kà-kà-kà-kẹ̀ẹ́!" Adìyẹ jáde, ó gbọn ìyẹ́. Ẹyin kan wà nínú ihò, ó funfun, ó ṣì gbóná.

"Ìyá Àgbà, ẹ má bínú. Èmi ni mo tú u. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí."

"Mo ní kí o má tú u, Àpèkẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà."

Ìyá Àgbà wo ẹyin. Ojú wọn rọ̀. "Ẹyin ni kò jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ibi tí adìyẹ bá yé sí, ibẹ̀ ní í padà sí. Ó ti mọ ilé báyìí. Kò nílò okùn mọ́."

Wọ́n wá wo Àpèkẹ́ láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ta ló so ìwọ mọ́lẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó so mí, Ìyá Àgbà," ni Àpèkẹ́ wí. "Èmi fúnra mi ni mo jókòó."